Ibùsùn Kékeré Tí Mo Gbé Bọ̀ láti Ìfọ́n

Mo rántí ìgbà tí ìyàwó mi kọ̀ tí kò sùn mọ́. Kì í ṣe pé oorun kò kùn ún o. Bí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú, orí rẹ̀ á máa lọ síwá sẹ́yìn, àmọ́ bí ojú rẹ̀ bá ti fẹ́ pa dé báyìí, á ta gìrì, á gbé etí sí imú ọmọ, á gbọ́ pé ó ń mí, á sì tún jókòó dáadáa. A ti sọ ọmọ lórúkọ, àwọn àlejò ti lọ, ilé wa ní Ìlobù ti dákẹ́. Ó ku èmi, ìyàwó mi, ọmọbìnrin jòjòló náà, àti ìyá mi tí wọ́n wá ń bá wa wẹ ọmọ. Gbogbo wa là ń sùn, àfi ẹni tí oorun tọ́ sí jù lọ.

Ohun tó fà á kò pamọ́. Ọmọ kan ti wà ṣáájú èyí. Ọkùnrin ni, a kò tíì sọ ọ́ lórúkọ tó fi lọ. Ìyá rẹ̀ jí lówùúrọ̀, ó bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ti tutù. Àwọn àgbà ní àmúwá Ọlọ́run ni, nọ́ọ̀sì ní láti inú ni ọmọ náà kò ti lágbára, àmọ́ ìyàwó mi ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Ó gbà pé òun ni òun sùn lé e. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi oorun rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé bàbá rẹ̀. Wọ́n ní bí òjò bá wó ògiri tì í, ọjọ́ kejì ni yóò tó béèrè ohun tó dún. Lẹ́yìn ọmọ yẹn, kò sẹ́ni tó tún dán ẹ̀fẹ̀ náà wò.

Tíṣà ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni, mo sì gbà pé kò sí ìṣòro ayé tí ẹni tó bá jókòó ronú kò lè tú. Mo jókòó, mo ronú. Mo ní kí a wá ibùsùn tirẹ̀ fún ọmọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀. Ẹni tí kò bá sí lórí bẹ́ẹ̀dì, ta ni yóò sùn lé e? Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ibùsùn wo? Ẹ̀yìn ìyá lọ́sàn-án, àyà ìyá lóru, ibùsùn ọmọ nìyẹn. Àlejò kì í dá sùn nílé tí kò tíì mọ̀."

Síbẹ̀, mo gba Òṣogbo lọ. Ní ìsọ̀ kan níbẹ̀ ni mo ti rí ibùsùn onírin kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Ó ní táyà kéékèèké lẹ́sẹ̀, wọ́n ya òdòdó sí orí rẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì yí i ká. Ọkàn mi fà sí i. Kí n má parọ́, kì í ṣe ọmọ nìkan ni mo ń rò, mo ti ń rí ojú àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá kí mi tí wọ́n bá a níbẹ̀. Mo sáré padà wálé wá ròyìn. Mo sọ ti táyà, mo sọ ti òdòdó. Ìyàwó mi gbọ́ mi dé òpin, ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Bí mo bá dùbúlẹ̀, ṣé ọwọ́ mi á tó o?"

N kò ronú dé ibẹ̀. Irin náà ga, àfi kó dìde dúró kó tó lè fọwọ́ kan ọmọ. Ìyá mi ní, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ dá ọ̀ràn ná, kí ẹ tó wá ọgbà ẹ̀wọ̀n fún un."

A tún dán apẹ̀rẹ̀ wò, èyí tí ará Ẹ̀rìn kan hun fún wa. Ó fẹ̀, a tẹ́ aṣọ sí i, ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń gbé, ìyàwó mi kò sì tún yé yọjú wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì. Kí a tó ronú ohun tí a ó gbé e lé, a wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a bá ewúrẹ́ ilé tó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, tó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́, tó ń wò wá bí onílé. Bí ti apẹ̀rẹ̀ ṣe parí nìyẹn.

Ìgbà náà ni mo tó lọ bá káfíńtà kan ní Ìfọ́n. Àgbàlagbà ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ẹ ti bí i?" Mo ní a ti bí i. "Ṣé ẹ ti sọ ọ́ lórúkọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n pe orúkọ náà kí òun gbọ́, ìgbà tí mo pè é tán ló tó mú ayùn. Ìyàwó mi ti fi okùn wọn gíga bẹ́ẹ̀dì wa, ó ta kókó sí i, mo sì ṣàlàyé ohun tí a ń fẹ́: kí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ga, kí ẹ̀gbẹ́ kẹrin tó kọjú sí ìyá rẹlẹ̀, kí ọwọ́ lè kọjá.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni lọ́jọ́ tí mo lọ gbé e, eruku pupa ń sọ lójú ọ̀nà. Pákó náà mọ́, ó ń dán, n kò fẹ́ kí eruku kàn án. Èmi ọlọ́gbọ́n ti mú aṣọ funfun tuntun dání láti ilé. Mo fi bò ó mọ́lẹ̀, mo dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi, mo sì ń ti kẹ̀kẹ́ náà lọ jẹ́jẹ́ nítorí pé ẹrù náà kò jẹ́ kí n lè gùn ún.

Bàbá àgbẹ̀ kan ni mo kọ́kọ́ pàdé. Ó wo ojú mi, ó wo ẹrù mi, ó sì ṣí fìlà. "Tíṣà, ẹ kú àmúmọ́ra o. Ọlọ́run á fún yín lókun." Mo rò pé kẹ̀kẹ́ tí mo ń tì ló ń kí mi fún. Mo dá a lóhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Nígbà tí mo rìn síwájú díẹ̀, mo bá àwọn obìnrin kan pàdé, ìyá oníyọ̀ àdúgbò wa sì wà láàárín wọn. Ọ̀kan nínú wọn kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́, tíṣà."

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń tu ẹni tí ọmọ jòjòló kú mọ́ lọ́wọ́ nínú ni. Mo bojú wẹ̀yìn, mo wo ohun tí mo ń tì bọ̀: àpótí kékeré, aṣọ funfun lórí rẹ̀, ọwọ́ tíṣà onígbàgbọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ pé àkọ́bí rẹ̀ kò dúró ló sì wà. Pósí ọmọdé ni wọ́n rí. Kí n tó là á yé wọn, ìyá oníyọ̀ ti ká ọwọ́ lérí, ó ti ń sáré lọ sí Ìlobù. Mo pè é, pè é, kò wẹ̀yìn.

Mo fa aṣọ náà ya kúrò lórí rẹ̀, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí sáré pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, ẹrù ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìyàwó mi nìkan ni mo ń rò. Bí wọ́n bá já bá ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ yìí, tí wọ́n ní ọmọ ti kú, kí ni yóò ṣẹ́kù lára rẹ̀?

Igbe ẹkún ni mo bá nílé. Àwọn obìnrin àdúgbò ti kún yàrá. Ìyàwó mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ wà lẹ́nu ọmú, ó ranjú mọ́ wọn. Mo rí i tó fi ìka kan imú ọmọ, tó tún gbọ́ èémí rẹ̀. Ìyá oníyọ̀ tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ gbójú sókè, ó rí ọmọ tó ń ta ẹsẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀ báyìí. Ẹkún náà dá. Ọmọ bá fi ọmú sílẹ̀, ó sín.

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omijé fi ń dà lójú rẹ̀, àwọn obìnrin náà sì bá a rín in.

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà mọ́ mi. "Igi yẹn ò wọ ilé yìí. Wọ́n ti fi ojú òkú wò ó." Èmi tí mo ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé, ẹ̀rù bà mí, mo sì ti ń yí kẹ̀kẹ́ padà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wọlé," ni ìyàwó mi wí. "Ẹkún tí wọ́n sun yìí, kì í ṣe ti ọmọ yìí. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni ò bá mi sun ún nígbà náà."

Òótọ́ ni. Ọmọ tí kò tíì lórúkọ, a kì í sunkún rẹ̀ síta. A ní kí ìyá rẹ̀ nu ojú nù, kó má baà lé èyí tó ń bọ̀ sá. Èmi gan-an sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà, mo rò pé ìtùnú ni. Ìyá mi bá tú ìpèlé àdìrẹ ìdí wọn, wọ́n tẹ́ ẹ sínú ibùsùn náà fúnra wọn, wọ́n ní kí n gbé e wọlé.

Ó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi tẹ́ ọmọ sí i, òun náà dùbúlẹ̀, ó na ọwọ́ kọjá, ó gbé e lé ikùn ọmọ. Kí ìyá mi tó kó àwọn obìnrin náà jáde tán, ìyàwó mi ti sùn lọ. Ìyá oníyọ̀ jókòó sójú fèrèsé, ó ń lé adìyẹ àti ọmọdé, ó ní ẹni bá pariwo yóò rí òun.

Ìkán ti jẹ ibùsùn náà, ọmọ náà sì ti di ìyá àwọn ọmọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà mìíràn, àwọn tí mo kọ́ níwèé a máa wá kí mi, wọ́n á máa ka àwọn ohun tí mo gbé ṣe láyé, mo sì máa ń mi orí kí inú wọn lè dùn. Àmọ́ èyí tí èmi ń rántí kò sí nínú ohun tí wọ́n ń kà. Mo máa ń rántí ọ̀sán ọjọ́ náà, tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tí mo ń gbọ́ tí ìyàwó mi ń hanrun.