Mọ́ńdè Tí Kì Í Ṣe Tèmi Mọ́

Ní pápákọ̀ òfurufú tí mo ti ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń gba ẹrù àwọn èrò tó fẹ́ wọ bàálù, òṣìṣẹ́ méjì lè pààrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló jà fún un títí ó fi wọ inú àdéhùn. Àmọ́ òfin kan wà nídìí rẹ̀: bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, kò sí ìdápadà. Ọjọ́ tí o gbà ti di tìrẹ. Bí o kò bá wá, ìwọ ni wọ́n á kọ pé o pa iṣẹ́ jẹ.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń gbé ní Ìkòsí, èmi ní Kétu; ọkọ̀ òṣìṣẹ́ kan náà ló ń gbé wa. Kò pa ọjọ́ ọlọ́jọ́ jẹ rí, ó sì máa ń fi fọ́nnu. Alákọ̀wé ló ń pè mí, torí pé mo lọ yunifásítì láyé ìgbà tí oúnjẹ ibẹ̀ ṣì ń kún àwo.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, wọ́n fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Sátidé kan.

"Alákọ̀wé, gba Sátidé mi, kí n gba Mọ́ńdè rẹ. Wàá ráyè sùn bí olówó."

"Ṣé o ò ní já mi kulẹ̀?"

"Èmi? Lọ bi wọ́n léèrè."

A fọwọ́ sí i. Mo ṣe Sátidé. Lọ́jọ́ Àìkú, ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó jókòó láti bọ́ bàtà, kò sì dìde mọ́.

Ilẹ̀ Mọ́ńdè mọ́ bá mi lórí ìsinmi tí òkú fún mi. N kò lè jẹ ẹ́. Mo wọ yunifọ́ọ̀mù, mo lọ.

Ọ̀gá wa, ọmọbìnrin tí àkọ́bí mi jù lọ́jọ́ orí, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

"Daddy, ẹ̀yin kọ́ lẹ ni òní."

"Mo mọ̀. Mo wá bá a ṣe é ni."

"Mi ò lè fi orúkọ yín sí i, àdéhùn ò gbà á. Wọ́n wá, àbí wọn ò wá: ohun tí kọ̀ǹpútà yìí mọ̀ nìyẹn. Kò mọ ikú."

"Ṣé wàá wá kọ ọ́ pé ó pa iṣẹ́ jẹ?"

Ó nàka sí káńtà ọ̀rẹ́ mi. Àga rẹ̀ ti tẹ̀ sápá òsì, bó ṣe máa ń jókòó. Èmi náà tẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo àpò tí mo gbé lé òṣùwọ̀n lọ́jọ́ náà, ó dà bíi pé ọwọ́ mìíràn ti wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pé ọ̀rẹ́ mi wá.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ lọ béèrè ẹ̀tọ́ ọkọ rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ó sì yà sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ọkọ mi wá síṣẹ́ ní Mọ́ńdè."

Mo fẹ́ ṣàlàyé àdéhùn fún un. Ó dá mi dúró.

"Mo mọ̀ pé wọ́n ti kú. Ṣé ara wọn le lọ́jọ́ náà?"

Mo ní ara rẹ̀ le. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.