Kànìnkànìn Inú Ẹ̀rọ Ìfọbọ́

Màámi kì í jẹ́ kí àlejò fọ abọ́. Àlejò tó bá jẹun nílé wọn ní Lálùpọn, tó wá gbé abọ́ dìde bí ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́, Màámi á já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Wọ́n ní ẹni tó jẹun tán tó tún fọ abọ́ ti sanwó oúnjẹ, àwọn kì í sì í ta oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tó bá gbẹ̀yìn oṣù, ilé wọn ni ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wọn ti ń jẹun lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn. Iyán ni o, ìrẹsì ni o, ẹ̀bà fún ẹni tí iyán kò bá lára mu. Tí àwọn obìnrin náà bá ti lọ tán, Màámi á jókòó ti agbada omi, wọ́n á máa fọ abọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tó bá di ọjọ́ kejì, làkúrègbé á ti wọ gbogbo ìka wọn, wọn ò ní lè di ṣíbí mú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé nígboro Ìbàdàn lọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ sú. Ó ní kí Màámi wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Wọ́n ní ṣé kí àwọn wá máa jókòó lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí àwọn máa ka páànù orí ilé onílé? Ó ní kí wọ́n gba ọmọ ọ̀dọ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ojú àjèjì nínú ìkòkò àwọn. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá lọ ra ẹ̀rọ ìfọbọ́ tòkunbọ̀ kan, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí Lálùpọn. Ó wá là á mọ́lẹ̀ pé tí abọ́ ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ bá jáde nínú ẹ̀rọ náà ní mímọ́, kí Màámi dúró sílé wọn. Tí kò bá mọ́, ọkọ̀ òun ni wọ́n máa wọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tẹrù-tẹrù.

Èmi àbíkẹ́yìn ni wọ́n rán lọ dán an wò lọ́jọ́ Sátidé, nítorí mo ti rí irú ẹ̀ rí nílé ọ̀gá mi. Rírí ni mo rí i o, mi ò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Lálùpọn, mo ń rìn yan bí ẹni tó bá wọn ṣe é nílé iṣẹ́ ẹ̀.

Màámi ti kó abọ́ alẹ́ àná sínú ẹ̀ dè mí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ń kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun, àmọ́ omi ò wọlé. Mo wo táàpù, ó ṣí. Mo gun àkàbà lọ wo tánńkì, ó kún. Ìgbà tí mo wá tú rọ́bà omi kúrò lẹ́nu táàpù ni mo rí asẹ́ kékeré kan lẹ́nu ẹ̀, tí yanrìn kànga ti dí pa. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbá a mọ́, mo dá a padà, omi sì dà wọlé, ṣàà! Màámi pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi náà pàtẹ́wọ́ fún ara mi, mo lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń jẹ ẹ̀pà.

Mi ò tíì jẹ ẹ̀pà náà débì kan tí mo fi rí adìyẹ méjì tó sáré jáde láti ilé ìdáná, tí ẹsẹ̀ wọn funfun. Mo wọlé, mo bá ìfófó ọṣẹ tó ń rọ́ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, ó ti gba ilẹ̀ dé ìdí àwo ata.

"Màámi! Ọṣẹ wo lẹ fi sí i?"

"Ọṣẹ dúdú ni. Èyí tí ẹ̀gbọ́n ẹ fi ránṣẹ́, bíi hóró oògùn ló rí. Ṣé hóró oògùn ló máa fọ abọ́ ọbẹ̀ elépo?"

Wọ́n ti bu ọṣẹ dúdú, wọ́n rún un rogodo bí òkèlè, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọnú ẹ̀. Bí mo ṣe ní kí n ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ báyìí, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo sì fìdí jókòó sáàárín ìfófó náà gbì. Màámi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Inú kọ́kọ́ bí mi, àmọ́ ta ló lè máa bínú nínú ìfófó? Ẹ̀rín gba èmi náà. Mo ti kà á lórí fóònù pé iyọ̀ máa ń pa ìfófó, ni Màámi bá ń wọ́n iyọ̀ káàkiri, tí wọ́n ń sọ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ rèé tí àwọn máa fi iyọ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìse nǹkan kan.

Ìfófó lọ tán, omi ò lọ. Ó dúró sí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, kò fẹ́ jáde. Mo yọ agbọ̀n ìsàlẹ̀, mo bu omi náà kúrò, mo yí asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, mo tu ú. Mo ki ọwọ́ bọ ihò ibẹ̀, nǹkan kan kọ́ mi lọ́wọ́. Mo fà á. Ó ń gùn. Mo tún fà á, òmíràn tún tẹ̀ lé e.

"Màámi, kí rèé?"

"Kànìnkànìn ni."

"Ta ló fi kànìnkànìn sínú ẹ̀rọ?"

Màámi wò mí bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. "Kí lo fẹ́ kó fi bó wọn? Ṣé ó lọ́wọ́ ni?"

Wọ́n ti fi ìdì kọ̀ọ̀kan sáàárín abọ́ kọ̀ọ̀kan, kí abọ́ kankan má bàa sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Mo tún fìdí jókòó sílẹ̀ gbì, bíi ti ẹ̀ẹ̀kan.

A yọ gbogbo kànìnkànìn náà, a tún tẹ̀ ẹ́, omi wọlé, omi jáde. Àmọ́ àwọn abọ́ ìsàlẹ̀ jáde pẹ̀lú ẹ̀bà lára gan-an bí wọ́n ṣe wọlé. Orógùn tí Màámi fi tẹ ẹ̀bà ló yọ ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ agbọ̀n, tó dá apá tó ń yí fọ́n omi dúró gbagidi. Mo yọ ọ́. Mo wá sọ fún Màámi pé ẹ̀bà tó bá ti gbẹ, ẹ kọ́kọ́ ha á dànù, ẹ̀rọ kì í jẹ ẹ̀bà. Ìgbà tí a wá ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn ìyẹn, abọ́ ń dán, ó gbóná lọ́wọ́. Màámi fi ìka ra ojú ọ̀kan, ó dún kíún.

"Ṣé mi ò lọ mọ́ nìyẹn?"

"Ẹ ò lọ síbì kankan, Màámi."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ní gbogbo àsìkò tí mò ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ti ń bà wọ́n. Àánú wọn ṣe mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọkọ̀ dé, ó ti kó gbogbo ohun tó wà nínú bọ́ọ̀tù kúrò. Ẹgbẹ́ obìnrin jẹun, wọ́n yó. Màámi to abọ́ sínú ẹ̀rọ, mo yẹ̀ ẹ́ wò: kò sí kànìnkànìn, kò sí orógùn, hóró ọṣẹ kan péré. Mo tẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin rọ́ wọ ilé ìdáná wá wòran. Ọ̀kan ní kí n ṣí i díẹ̀ kí òun rí ẹni tó wà nínú ẹ̀. Màámi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ìyá ìyàwó. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ni iná bá lọ.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé ò lè gbé ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná. A dúró, a dúró, iná ò dé. Oòrùn ti ń wọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ máa palẹ̀ ẹrù yín mọ́."

Ìyá tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ náà yíjú sí i. "Ẹrù kí ni? Ibo lò ń gbé wọn lọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi sọ gbogbo ẹ̀: làkúrègbé, abọ́, àdéhùn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn, nítorí Màámi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyá àgbà náà mú ọwọ́ Màámi, ó tẹ oríkèé kan, Màámi sì dijú.

"Ṣé nítorí abọ́ tá a fi jẹun ni wọ́n ṣe fẹ́ mú ẹ kúrò láàárín wa, o ò sì sọ̀rọ̀?"

"Àlejò kì í fọ abọ́ nílé mi, mà."

"Ta ni àlejò? Pẹ̀lú bá a ṣe ń jẹun níbí tó, àlejò lo ṣì ń pè wá?"

Màámi wá ṣí ẹ̀rọ náà fúnra wọn, wọ́n mú abọ́ tó wà lókè, tó ṣì ń kán ọṣẹ tótó, wọ́n sì nà án sí ìyá àgbà náà.

"Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà," ni ìyá náà wí, ó sì ká apá sùtánà sókè.

Gbogbo wọn ká tiwọn. Orin bẹ̀rẹ̀, omi ń ta, ẹni kan ń bó, ẹni kan ń ṣan. Nígbà tí wọ́n kó abọ́ inú ẹ̀rọ tán, mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀ kí n lè rọ́nà kọjá. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi má dúró bẹ́ẹ̀, kó lọ fọ odó, ó sì fọ̀ ọ́ tàgbádá-tàgbádá. Màámi nìkan ló jókòó lórí àpótí, wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, wọn ò mọ ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ náà ṣe.

Bí wọ́n ṣe da abọ́ tó kẹ́yìn dojú dé, iná dé. Ẹ̀rọ ta jí, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí, ó ń fọ́n omi, ó ń sáré, kò sí ṣíbí kan nínú ẹ̀. Àwọn obìnrin pariwo. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Kí ló wá ń fọ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí. Mo ní kí n lọ pa á.

"Fi í sílẹ̀, jẹ́ kó máa fọ̀," ni Màámi wí. "Òun náà ò fẹ́ kí wọ́n gbé òun kúrò nílé ni."

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ò jẹ́. Nígbà tó ń padà sígboro nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, iṣu tí ẹgbẹ́ obìnrin fún un ló wà nínú bọ́ọ̀tù, níbi tí ẹrù Màámi ì bá wà.