Ohùn Inú Àgbá Ọṣẹ

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé wọ́n ní láti gbé mi kọjá gọ́tà Alabar bí òjò bá rọ̀, òórùn ọṣẹ ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀ láyé, kí n tó mọ òórùn ọbẹ̀. Ọṣẹ dúdú ni bàbá mi ń ṣe. Òun ni àwọn ará Kumasi ń pè ní alata samina, ìyẹn ọṣẹ àwọn aláta, àwa tí a ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ wá ni wọ́n sì ń pè ní aláta láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan dárúkọ ọṣẹ yẹn lọ́jà, ẹ rántí pé àwa ni ó dárúkọ. Mo ń fi yangàn títí di òní, mi ò ní purọ́ fún yín.

Èéfín èèpo kòkó tí a ń sun di eérú kò jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò wa ní Alabar gbádùn, ni bàbá mi bá kó iṣẹ́ náà lọ sí Santasi, níbi tí ilé kò tíì pọ̀ nígbà náà. Ìyá mi ló jẹ́ olórí àwọn obìnrin tó ń gé ọṣẹ, bí kò bá sì sí ilé-kéú, a jọ ń wọ tròtrò, ọkọ̀ èrò kékeré, lọ ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ibẹ̀ ṣe rí, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Àgbá irin ńlá kan wà láàárín ilé-iṣẹ́ náà, ó ga ju ènìyàn lọ, àkàbà ni wọ́n fi ń gùn ún. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń da àdín àti omi eérú sí, àwọn apá irin tó wà nínú rẹ̀ á sì máa yí, wọ́n á máa pò ó. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí apá irin wọ̀nyí wà lẹ́yìn ògiri, torí bàbá mi kò fẹ́ kí òórùn dísẹ́ẹ̀lì kan ọṣẹ òun, bẹ́líìtì rẹ̀ nìkan ló gba ihò ògiri wọlé. Nítorí náà, ẹni tó ń tan ẹ́ńjìnnì kò lè rí ẹni tó wà lẹ́bàá àgbá. Etí ni wọ́n fi ń mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Bí wọ́n bá kó ọṣẹ kúrò tán, obìnrin kan á wọnú àgbá lọ láti ha èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Kí wọ́n tó tún tan ẹ́ńjìnnì, ọkùnrin tó ń mójú tó o á pariwo láti ẹ̀yìn ògiri pé, "Ó kù?" Ìyẹn ni pé, ṣé ó ku ẹnìkan nínú àgbá? Bí obìnrin náà kò bá tíì jáde, á dáhùn pé, "Ó kù." Bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀, á ní, "Kò kù." Bí ọkùnrin yìí kò bá tíì gbọ́ "Kò kù," kò ní fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, bí ó ti wù kí iṣẹ́ wọ̀ wá lọ́rùn tó.

Ọmọ Asante ni ọkùnrin ẹ́ńjìnnì yìí, Bantama ló ń gbé, létí tirẹ̀ kò sì sí ìyàtọ̀ kankan láàárín kù àti kú. "Ó kú?" ló máa ń pariwo, bí ẹni ń béèrè ẹni tó kú. Àwọn obìnrin á fi rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹnì kankan kò tíì kú o, àmọ́ ebi ti fẹ́ pa wọ́n. Àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Kumasi kò sàn jù ú lọ, Twi ti gba ahọ́n wa. Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ló burú jù nínú wa. Ìyá bàbá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá rán an lọ wo ẹni tó kù nílé, tó bá padà wá ní bàbá kú nílé, kí ènìyàn tó mọ ohun tó ń sọ, omijé ti bọ́.

Bàbá Kékeré yìí, mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Tema, ibẹ̀ ló wà nígbà tí ọṣẹ ọ̀pá tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọlé bẹ̀rẹ̀ sí gba ọjà lọ́wọ́ wa. Àwọn ìyá ọlọ́jà tó máa ń wá jókòó dè wá tẹ́lẹ̀ kò wá mọ́. Ọṣẹ wa kì í bára dọ́gba, òmíràn rọ̀, òmíràn le, ọwọ́ ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Bàbá mi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ pé kí ó wá gba òun, torí iṣẹ́ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ti fẹ́ kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ó sì wá.

Kí n sọ òótọ́, ọgbọ́n pọ̀ lórí ọkùnrin náà. Ó ṣe àpótí onígi tí a fi ń tẹ ọṣẹ kí ó lè máa dọ́gba. Ó ṣe àtẹ gíga tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí ọṣẹ má baà máa pẹ́ kó tó gbẹ. Ó ní kí wọ́n kó eérú súnmọ́ àgbá, kí àwọn obìnrin yé fi ìrìn àjò pa ara wọn. Ó máa ń sọ pé ohun gbogbo tí kò bá di ọṣẹ, òfò ni. Oṣù díẹ̀ ni àwọn ọlọ́jà fi bẹ̀rẹ̀ sí padà wá, bàbá mi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín nílé.

Ìgbà tí ó yá ni ojú rẹ̀ wá kan "Ó kù, kò kù" yẹn. Ó ní òfò ni. Ó ní ọkùnrin kan ń kígbe, obìnrin kan ń rò ó bóyá kí òun dáhùn, gbogbo ilé dáwọ́ dúró. Ó so agogo kan mọ́ ara òpó. Bí agogo bá dún, kí ẹni tó wà nínú àgbá jáde, kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, ó parí. Bàbá mi kọ́kọ́ lọ́ra, ó ní ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni à ń lá ọbẹ̀ tó gbóná. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ṣe dáadáa láti ọjọ́ yìí, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ dá a dúró?

Ẹ̀yin ọmọ mi, agogo kì í béèrè ọ̀rọ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ohun kan fi bẹ̀rẹ̀ sí dáhùn láìjẹ́ pé wọ́n bi í.

Ọ̀sán gangan ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Agogo dún, ó dákẹ́, ẹ́ńjìnnì kò sì tíì mú. Láàárín ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ohùn kan wá láti inú àgbá. Mi ò mọ àmì tí màá fi sí i lórí, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìhòòhò: O ku. Ó nípọn, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ẹnu sínú ìkòkò sọ̀rọ̀. Obìnrin tó ń ha àgbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, kànrìnkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wa la gbọ́. Ọkùnrin ẹ́ńjìnnì náà gbọ́ lẹ́yìn ògiri, ó ní, "Obi wɔ mu!", pé ẹnìkan wà nínú ẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Bàbá mi gun àkàbà, ó yọjú wò. Àgbá ṣófo, ó ń dán.

Ohùn náà kò wá lójoojúmọ́. Ìbá sàn bí ó bá ń wá lójoojúmọ́, à bá ti mọ ìgbà tí a óò di etí. Yóò dákẹ́ títí a óò fi gbàgbé, ọ̀sán kan agogo á dún, a óò tún gbọ́: O ku. Àríyànjiyàn wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan láàárín àwọn obìnrin ní "ó kù" ni ó ń wí, pé ẹnìkan ṣì wà nínú. Àwọn àgbà tó ti ilé wá, tí etí wọn mú, ní rárá, "ó kú" ni. Ìyá mi kì í dá sí i. Ó kàn máa ń fà mí mọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ á sì tutù, ẹ̀rù sì máa ń bà mí nítorí ọwọ́ yẹn ju nítorí ohùn lọ.

Bàbá Kékeré ní ooru ni. Ó ní bí omi eérú gbígbóná bá kan irin tútù, á mí, ohun tí a ń gbọ́ nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí ó jóòótọ́ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ooru kì í sọ Yorùbá. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí lọ ní ẹyọ ẹyọ, òmíràn á ní òun ń lọ kí ìyá òun ní abúlé, a kò ní rí i mọ́. Nígbà tí àwẹ̀ fẹ́ parí, ìyá ọlọ́jà kan tó ń rà jù lọ wá sọ fún bàbá mi pé bí òun kò bá rí ọṣẹ tòun gbà kí ọdún tó dé, ọṣẹ ọ̀pá ni òun máa tà títí ayé. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ìbínú nínú, ìyẹn ló jẹ́ kí ó dun bàbá mi.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ ìyá ọlọ́jà náà dé ni mo ń sọ bọ̀. Ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, àgbá kan ṣoṣo ló kù tí a ó pò kí ẹrù tó pé. Agogo dún. Ohùn náà sì wá, ó ròkè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: O ku. Àwọn obìnrin tó ṣẹ́kù gbé ọ̀bẹ wọn sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wá sálúbàtà wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mepa mo kyɛw, ẹ dúró," ni Bàbá Kékeré ń wí. "Ẹ ṣáà wá wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wallahi."

Ó bọ́ bàtà, ó gun àkàbà, ó fò wọnú àgbá. A gbọ́ tí ó ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, tí ó ń fi ọwọ́ gbá ara irin kiri. Ó wá kígbe láti inú ibẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Kò kú! Kò kú ẹnì kankan!"

Ìgbà yẹn ni ara gbogbo wa tutù. Àgbá ti mú ohùn rẹ̀ nípọn, ó ti ṣe é bí ohùn inú ìkòkò, ahọ́n Kumasi rẹ̀ sì ti sọ kù di kú. Ohùn tí a ti ń sá fún láti oṣù tó kọjá nìyẹn. Òun ni, kò yàtọ̀ rárá. Mo wo bàbá mi, mo rí i pé òun náà ti dá a mọ̀. Ó ju àpótí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ sídìí ògiri, ó ń pariwo pé, "Gyae! Gyae!", pé kí ó dá a dúró.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin ẹ́ńjìnnì kò rí ẹni tó wọ àgbá. Ó gbọ́ agogo, ó gbọ́ ohùn, ó dúró bí ó ti máa ń dúró. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ "Kò kú," ọ̀rọ̀ tí ó ti ń gbọ́ láti ọdún mélòó kan pé ọ̀nà là. Ó tan ẹ́ńjìnnì.

Mi ò ní sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú àgbá fún yín, ìyá mi ti fi ìró rẹ̀ bò mí lójú. Wọ́n gbé e sínú takisí lọ sí ilé ìwòsàn ní Bantama, àmọ́ kò dé ibẹ̀ láàyè. Ọkùnrin ẹ́ńjìnnì jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ó ń tún un sọ pé, "Ɔno ara na ɔkaeɛ." Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Kò sí ẹni tó bá a jà. Bàbá mi gan-an ló mú un dání lọ sí ibi ìsìnkú.

Bàbá mi já agogo yẹn lulẹ̀, ó dá "Ó kù, kò kù" padà, ó sì fi òfin tuntun kún un pé ẹni tí yóò bá dáhùn "Kò kù" gbọ́dọ̀ rìn dé ojú ihò ògiri kí ọkùnrin ẹ́ńjìnnì rí i kedere. Kò fọwọ́ kan ìyókù. Àpótí tí àbúrò rẹ̀ ṣe, àtẹ tí ó kàn, a kò pààrọ̀ wọn. Àwọn ni kò jẹ́ kí ọṣẹ ọ̀pá pa wá, ọgbọ́n òkú ni a ń jẹ títí di òní. A kò sì gbọ́ ohùn náà mọ́.

Ayé ti yí padà. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń darí ilé-iṣẹ́ náà báyìí, ní Santasi kan náà, tí ilé ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Iná mànàmáná ló ń yí àgbá, àgbá sì ní ìdérí, bí ìdérí bá ṣí díẹ̀, ẹ̀rọ á dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ọṣẹ wa ń kọjá òkun. Òṣìṣẹ́ tí kò tó ìka ọwọ́ kan ló ń ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ilé ń làágùn lé lórí nígbà tiwa. Inú mi dùn sí i, ẹ má rò pé mo ń ṣàárò èéfín.

Lọ́jọ́ kan ọmọ ọmọ mi yìí wá bá mi lórí àga mi lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Ó ní, "Mama, mepa mo kyɛw, ẹ̀rọ yìí kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Adɛn nti, kí ló dé tí a ṣì fi ń pariwo 'Ó kù'? Àwọn tó wá kọ́ wa níṣẹ́ ní ó ń jẹ àkókò wa."

Mo ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo sì sọ ohun tí mo sọ fún yín yìí fún un. Kò yọ igbe náà kúrò.

Nínú gbogbo àwọn tó gbọ́ ohùn yẹn, èmi nìkan ló kù. Nítorí náà, láràárọ̀ tí wọ́n bá ti pariwo "Ó kù?", èmi náà máa ń fi ṣeré, màá dáhùn láti orí àga mi pé, "Ó ku èmi." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dúró títí n óò fi ní kí wọ́n máa bá a lọ.

Ṣùgbọ́n láti bí ọjọ́ mélòó kan, kí n tó la ẹnu, ohùn kan ti máa ń dáhùn ṣáájú mi. Ó ti gbó, ó ń gbọ̀n díẹ̀, ohùn obìnrin ni, ó sì jọ tèmi. O ku, bẹ́ẹ̀ ló ń wí, mi ò sì mọ àmì tí màá fi sí i. Ó jọ pé àwọn ọmọ náà rò pé èmi ni mo dáhùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti máa ń ṣe. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo kàn sọ fún ọmọ ọmọ mi pé kí ó má tíì fọwọ́ kan bọ́tìnnì, kí a jókòó díẹ̀ sí i. Ó sì ń dúró dè mí.