Ọjọ́ Tí Bọ́ọ̀lù Fara Kan Òpó

Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wa gbá irú bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Ọsirélíà ń gbá kẹ́yìn ní sáà yìí, ní Dagenham nílùú òyìnbó, kò lè kúrò lọ́kàn mi. A kò borí rí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Èmi ni ẹgbẹ́ wa fi ṣe adájọ́ ìdí òpó, tó ń sọ bóyá góòlù ni. Góòlù kan ló kù kí a borí nígbà tí Kúnlé, ọmọ mi, gbá bọ́ọ̀lù, ó sì fara kan òpó kó tó kọjá sẹ́yìn. Nínú eré yìí, ìyẹn kì í ṣe góòlù. Mo kọ̀ ọ́, a sì pàdánù.

“Ta ló kúkú rí i, Daddy?”

Mo jágbe mọ́ ọn: “Ṣé ewú orí mi yìí ni kí n fi purọ́? Ìwọ tí mo máa ń nà tó o bá purọ́!”

Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọkọ̀ lọ láìdágbére fún mi. Inú ṣì ń bí mi. Bí wọ́n bá fẹ́ borí ní sáà tó ń bọ̀, kí wọ́n gbá a sí àárín òpó.