Yẹ̀kínnì àti Ìwé Oníwákàtí Méjì

Bí ẹ bá wọ yàrá ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Yaba lọ́dún 1956, Yẹ̀kínnì lẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ̀yìn kántà ló máa ń wà, lórí ìdúró. N kò rí i rí kó jókòó. Ọmọ Mushin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, fìlà funfun kì í kúrò lórí ẹ̀, aago ọwọ́ ẹ̀ sì tóbi ju ọwọ́ tó so ó mọ́ lọ. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti máa ṣọ́ àwọn ìwé tí olùkọ́ bá yà sọ́tọ̀ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ìwé ọ̀hún sábà máa ń jẹ́, àwa tá a fẹ́ kà á sì máa ń tó ọgbọ̀n. Nítorí ẹ̀, o kò gbọdọ̀ gbé e jáde, o ní láti kọ orúkọ rẹ sí káàdì rẹ̀, wákàtí méjì péré ni wọ́n sì fún ọ. Ìwé oníwákàtí méjì là ń pè wọ́n.

Mo kórìíra ọkùnrin yẹn. Kí ni mo fẹ́ máa purọ́ sí? Tó bá ti ku ìṣẹ́jú márùn-ún, á wá dúró sẹ́yìn èèyàn bí ọlọ́pàá.

"Sisí Àràmídé, àkókò ti pé."

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n parí ìlà yìí."

"Ìlà kì í tán nínú ìwé. Gbé e wá."

Á sì fa ìwé yọ níwájú mi! Lọ́jọ́ kan inú bí mi débi pé mo sọ fún un pé ká ní òun ni wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀run, kò sẹ́ni tó máa wọlé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ò tiẹ̀ ní dé ẹnu ọ̀nà. Ariwo ẹnu ẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbọ́, wọ́n á tilẹ̀kùn."

Ṣùgbọ́n tá a bá ń sọ òtítọ́, ká sọ ọ́ tán. Ìwé mẹ́fà péré ni Yẹ̀kínnì kà mọ nílé ẹ̀kọ́, síbẹ̀ kò sí ìwé tó sọnù sí i lójú nínú yàrá yẹn. Àwọn ọmọ tuntun á wá dúró síwájú kántà, wọn ò mọ orúkọ ìwé, wọn ò mọ ẹni tó kọ ọ́, wọ́n á kàn máa fọwọ́ họrí. Á ní, "Kí ni olùkọ́ yín ní kí ẹ lọ wò? Ṣé èyí tó ní àwòrán eṣinṣin ni, àbí èyí tó ní àwòrán kànga?" Kó o tó dáhùn, ó ti fi ìwé lé ọ lọ́wọ́, ó sì ti ṣí i sí ojú ibi tó ò ń wá gan-an.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni mò ń kọ́. Obìnrin mẹ́ta péré la wà ní kíláàsì, gbogbo ayé ló sì ń fi wá rẹ́rìn-ín pé a fẹ́ lọ máa yẹ ṣalángá oníṣalángá wò. Mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá tún fìdí rẹmi, kó di ẹrù ẹ̀. Bàbá mi, Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ ní Surulere, ti bá mi rí ọkọ sílé ní Iléṣà, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí. Ó ní tí mo bá yege, òun á fi mí sílẹ̀ kí n ṣiṣẹ́. Tí n kò bá yege, ilé ọkọ yá. Ìdánwò yẹn nìkan ló kù tó lè gbà mí lọ́wọ́ ilé ọkọ.

Ibà sì dá mi dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n kọ́ wa nípa kànga, tí olùkọ́ sì ti là á mọ́lẹ̀ pé kànga kò ní ṣàì jáde. Ọjọ́rú ni, ìdánwò ku ọ̀la. Mo sáré dé kántà.

"Bọ̀dá, ìwé kànga."

Yẹ̀kínnì tọwọ́ bọ pẹpẹ. Ó fọwọ́ lọ, ó fọwọ́ bọ̀. Ó ní, "Kò sí nílé."

"Ọwọ́ ta ló wà? Ẹ wo káàdì."

Kò wò ó. Mo fa káàdì yọ fúnra mi. Ẹni tó kẹ́yìn tó kọ orúkọ síbẹ̀ ti dá a padà látọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn ìyẹn, òfìfo. Òógùn ti bo ọkùnrin yìí lójú. Mo bá figbe ta: "Ha! Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ ká parí ìlà! Ẹ gbéwé jáde láìkọ orúkọ?"

Ó bẹ̀ mí kí n rẹ ohùn sílẹ̀, ló bá jẹ́wọ́. Bàbá Àkàngbé ló gbé e lọ. Gbogbo wa la mọ Bàbá Àkàngbé. Ó ti ṣiṣẹ́ wolé-wolé fún ogún ọdún kí ìjọba tó ní kó wá jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú àwa ọmọ kékeré. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé agbo ilé kan náà ni wọ́n ti wá ní Mushin, àti pé òun ló máa ń gbé Yẹ̀kínnì sí èjìká lọ sí ilé kéú.

"Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀," Yẹ̀kínnì ń sọ̀rọ̀ bíi pé ó fẹ́ sunkún. "Wọ́n ní, 'Ìwọ Yẹ̀kínnì, o fẹ́ kí n tọwọ́ bọ̀wé kó o tó gbà mí gbọ́? Èmi?' Sisí, kí lo fẹ́ kí n wí? Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Kí ni mo fẹ́ kó wí! Kó ní òfin ni, ohun tó máa ń sọ fún èmi lójoojúmọ́! Mo bínú débi pé ẹsẹ̀ mi ò dúró lójú kan. Ó ṣáà dára, aago kan ọ̀sán ni wọ́n máa ń ti yàrá ìkàwé lọ́jọ́rú. Mo ní, "Ẹ jáde, ká lọ. Bí mo bá lọ sí Iléṣà, ẹ̀yin lẹ máa gbé ẹrù mi."

A wọ bọ́lẹ̀kájà lọ sí Mushin. Mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́, mò ń bá awakọ̀ jà pé ó ń rìn bí ìgbín. A dé ilé, Bàbá Àkàngbé ò sí. Ìyàwó ẹ̀, ìyá Saidat, ní ó ti lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò ẹ̀ ní Òtò látàárọ̀, pé ariwo ọmọ ò jẹ́ kó ráyè kàwé. Ó ní ká jẹun. Ta ló fẹ́ jẹun? A tún yí padà, a kọjá Yaba, a kọjá Èbúté Mẹ́ta, oòrùn ń rẹlẹ̀. Yẹ̀kínnì ń wo aago ọwọ́ ẹ̀ ṣáá. Mo ní tó bá tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, n óò jù ú sínú ọ̀sà.

Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan la ti bá Bàbá Àkàngbé. Ó fi ìwé sún mọ́ ojú débi pé imú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Yẹ̀kínnì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Èmi kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò kúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ fẹ́ pa mí! Ọjọ́ mẹ́ta! Ìwé gbogbo wa!"

Mo rò pé ó máa bú mi ni. Ojú ló tì í. Ó ní, "Ọmọ mi, ojú mi ti ń ṣú. Ojú ìwé méjì ni mò ń rí kà ní wákàtí méjì, ẹ̀yin ọmọ á sì máa wò mí. Mo wá gbé e sá lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí mi."

Kí ni ẹ fẹ́ kéèyàn tún sọ? Mo jókòó tì í. Mò ń ka ìwé sókè ní Gẹ̀ẹ́sì, mò ń túmọ̀ ẹ̀, òun náà ń sọ fún mi bó ṣe rí gan-an: ibi tí omi ìdọ̀tí ti ń jò wọ kànga, bí wọ́n ṣe ń fi sìmẹ́ńtì dí ẹnu ẹ̀, ohun tó fojú ara ẹ̀ rí ní Makoko. Kò sí olùkọ́ tó tíì yé mi tó báyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, Yẹ̀kínnì ní, "Wákàtí méjì ti pé." Àwa méjèèjì wò ó. Ó gba ìwé ẹ̀. Ó ní kí aago méje àárọ̀ tó lù, òun á ti dá a padà sórí pẹpẹ, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Mi ò sùn dáadáa. Aago méje àárọ̀ mo ti wà ní yàrá ìkàwé, mo fẹ́ wo àwòrán kànga yẹn lẹ́ẹ̀kan péré sí i. Ọ̀gá Adéníran, olórí yàrá ìkàwé, ló ti ṣáájú gbogbo wa débẹ̀. Ó ti ká Yẹ̀kínnì mọ́ bó ṣe ń dá ìwé padà, ó dúró síwájú ẹ̀, ìwé wà lọ́wọ́ kan, káàdì wà lọ́wọ́ kejì.

"Ta lo gbé e fún?"

"Èmi ni mo gbé e lọ sílé, sà."

"Ìwọ tí o ò lè kà á tán? Ta lo gbé e fún?"

"Èmi ni, sà."

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? O mọ nǹkan kan nípa ìwé yìí?"

Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìwé tí wọ́n gbé jáde láìkọ orúkọ, kò ní jókòó ṣe ìdánwò. Òfin ni. Ìdánwò sì ku wákàtí méjì. Yẹ̀kínnì ò wò mí, ilẹ̀ ló ń wò. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo ní, "Rárá, sà. Mi ò mọ nǹkan kan."

Ojú tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ń tì mí títí dòní.

Mo wọlé ìdánwò. Mo ṣí ìwé ìbéèrè. Eṣinṣin ni, ẹran ọjà ni, ẹ̀fọn ni. Mo yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, mo tún un kà. Kànga ò jáde. Ẹyọ kan ò jáde! Nígbà tí mo fi máa jáde ní ọ̀sán, wọ́n ti ní kí Yẹ̀kínnì máa lọ sílé. Bàbá Àkàngbé sáré lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sọ gbogbo òtítọ́ nípa ara ẹ̀, kò dárúkọ mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní ẹlòmíràn lọ́kàn fún iṣẹ́ Yẹ̀kínnì.

Mo yege. Ọ̀sẹ̀ tí èsì jáde, mo lọ sí Mushin. Mo bá Yẹ̀kínnì níbi tó ti ń bá ìyàwó ẹ̀ tò ìkòkò síta fún títà. Ó nà dìde. Mo kúnlẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀, kò jẹ́ kí n la ẹnu.

"Ṣé o yege?"

"Mo yege, Bọ̀dá."

"Alihamudulilai! Kànga ńkọ́? Ṣé ó jáde?"

Ìyàwó ẹ̀ ń wò mí, ìkòkò wà lọ́wọ́ ẹ̀. Òun náà ń wò mí.

Mo ní, "Ó jáde, Bọ̀dá. Ìbéèrè kìíní ni."

Ó yíjú sí ìyàwó ẹ̀, inú ẹ̀ ń dùn. "Mo sọ fún ọ àbí n kò sọ?"