Aláǹtakùn Lórí Gáùn Ìyàwó

Inú ti ń bí Ìyá Télọ̀ kó tó rí aláǹtakùn yẹn, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ mọ́ kòkòrò. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè nìyẹn, nílé àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin tó ń ṣègbéyàwó ní Sátidé. Gáùn ìyàwó tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, tó gbé wá fún un, ti wà lára hángà látìgbà tó ti dé, ọmọ ò tíì gbé e wọ̀ wò. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó ní iṣẹ́ pọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ní orí ń fọ́ òun. Orí wo? Orí tó ń fọ́ èèyàn tí kò lè wọ gáùn, àmọ́ tó lè fi wákàtí méjì rẹ́rìn-ín lórí fóònù!

Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi rán gáùn náà. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń rán aṣọ ìyàwó, ẹni tó bá sì mú òwú dúdú sún mọ́ aṣọ funfun ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á gbọ́ èyí tí kò gbọ́ rí. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ rán ìlẹ̀kẹ̀ wẹẹrẹ mọ́ ọn láyà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fọwọ́ kàn án. Bó bá ti parí apá kan, á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ọmọ á ní, "Mọ́mì, ó rẹwà gan-an! Ẹ kú iṣẹ́ o." Nínú bàálù, orí itan ló gbé e lé títí wọ́n fi balẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta náà, ó wẹ̀ tán, ó wọ yàrá tóóró tí wọ́n fún un. Ó tajú kán rí nǹkan dúdú láyà gáùn.

"Òwú dúdú! Ta ló mú òwú dúdú débí?" Ó nawọ́ kó yọ ọ́ dànù, bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù.

Ni òwú bá gbẹ́sẹ̀.

"Yéè! Mo gbé o!" Ìyá Télọ̀ fò sẹ́yìn, ó já lu bẹ́ẹ̀dì. Aláǹtakùn ni, bó ṣe na ẹsẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó nírun lẹ́sẹ̀, ó sì dúró ṣinṣin lórí ìlẹ̀kẹ̀ bí ẹni pé òun ni wọ́n wọn aṣọ náà fún. Obìnrin yìí ti fi ọ̀pá pa ejò ní ṣọ́ọ̀bù rí o. Àmọ́ aláǹtakùn? Láti kékeré ni ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà á.

Ọmọ sáré wọlé. Bó ṣe rí i, òun náà figbe ta, ó sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ pa á! Mọ́mì, ẹ pa á!"

"Kí n fi kí ni pa á? Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, á ba gáùn jẹ́. Funfun ni!"

"Ẹ jẹ́ kó bà á jẹ́! Ẹ sáà fi bàtà lù ú, mi ò kúkú ní wọ̀ ọ́!"

Ọmọ fọwọ́ bo ẹnu, àmọ́ ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́.

"O ní kí ni?"

"Mọ́mì, ẹ má bínú…"

"Mo ní, o ní kí ni?"

Ó wá jẹ́wọ́. Ó ti yan gáùn mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù kan láti oṣù méjì sẹ́yìn, ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbé e pa mọ́ sí. Ìlẹ̀kẹ̀ ara gáùn Mọ́mì pọ̀ jù, apá rẹ̀ gùn jù, òun ò sì mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́.

"Oṣù méjì! Ta ló wá ń sọ fún mi pé 'Ó rẹwà gan-an'? Àbí iwin ló ń gbé fóònù ẹ? Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń wá bá mi, wọ́n ń ní, 'Mà, mi ò fẹ́ báyìí,' mo sì ń tún un ṣe fún wọn. Ìwọ tí mo fi ikùn mi bí ló wá ń tàn mí!"

"Mi ò fẹ́ kó dùn yín ni."

"Ó ti wá dùn mí báyìí!"

Ìbínú ti lé ẹ̀rù lọ. Ó dìde, ó fọwọ́ lásán ká aláǹtakùn náà kúrò lára aṣọ, ó sọ ọ́ síta lójú wíńdò, ó sì pa wíńdò dé gbàgà. Ó já gáùn kúrò lára hángà, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó mú àlùmọ́gàjí kékeré nínú báàgì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

"Mọ́mì, kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ jọ̀ọ́! Màá wọ̀ ọ́. Mo ní màá wọ̀ ọ́ ní Sátidé."

"O ò ní wọ̀ ọ́. Wọ èyí tó wù ẹ́. Màá wá, màá jókòó níwájú, màá sì ṣàdúrà fún ẹ. Àmọ́ èyí, tèmi ni."

Ìlẹ̀kẹ̀ ń já bọ́ sílẹ̀ tó, tó, tó. Ọmọ kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó nawọ́ kó bá a ṣà wọ́n. Ìyá Télọ̀ gbá ọwọ́ náà dànù.

"Fi í sílẹ̀. Nígbà tí mò ń rán an, irọ́ lò ń pa fún mi. Jẹ́ kí n dá tú u."