Ilẹ̀ Tí Orúnkún Jẹ

Bíríkìlà ni ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gbọọrọ, nítorí ó ga bí igi. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tí bàbá rẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́ kú. Kí ọdún náà tó yí po, ìyá rẹ̀ náà tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kó dúpẹ́, pé àwọn òbí rẹ̀ gbó, wọ́n tọ́, kí wọ́n tó sùn nínú Olúwa. Gbọọrọ dúpẹ́ lóòótọ́. Ó gbà láìṣiyèméjì pé òun yóò tún rí wọn. Ṣùgbọ́n bó bá délé, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á kàn máa wo ògiri. Bó bá fẹ́ gbàdúrà, tó bá ti pe "Baba," àdúrà náà á tán síbẹ̀.

"Mo ti di ọmọ òrukàn," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀rín fẹ́ pa obìnrin náà. "Ọkọ mi, gbogbo ewú orí yín yìí ńkọ́?"

"Ewú ò ní kí ìyá má wu èèyàn. Ta ló kù láyé yìí tó ń fi orúkọ mi jí?"

Ìyàwó rẹ̀ wá jókòó tì í.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, ní kí àwọn palẹ̀ yàrá àwọn òbí wọn mọ́. Ó ní kí Gbọọrọ fọ́ sìmẹ́ńtì ilẹ̀, kó tún un rẹ́, kí wọ́n lè fi ayálégbé síbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wọlé, Gbọọrọ fi bàtà ha ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá fi sìmẹ́ńtì ṣahun níbí o. Yanrìn ti pọ̀ jù!"

"Má bú bàbá mi fún mi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ṣé o fún un lówó sìmẹ́ńtì ni?"

Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì onírin jáde. Gbọọrọ mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ fọ́. Ló bá dúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà, ilẹ̀ jẹ wọnú lójú mẹ́rin: méjì fẹ̀, méjì kéré.

"Ṣé òrùlé ń jò níbí ni?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbójú sókè. Òkè gbẹ táútáú. Gbọọrọ fọwọ́ pa ojú ihò náà. Ó ń dán bí inú àwo. Ó wá rí i pé nínú àwọn méjì tó fẹ̀, ti òsì kò jinlẹ̀ tó ìkejì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, orúnkún wo ló máa ń dun bàbá?"

"Ti òsì, èyí tó fi balẹ̀ nígbà tó já bọ́ láti orí òrùlé. Kí ló dé?" Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. "Háà! Orúnkún wọn rèé!"

Gbọọrọ dìde. Ó yíjú wo ẹnu ọ̀nà tí gbogbo wọn ti ń fi bàtà tẹ̀ láti kékeré. Ibẹ̀ ò jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí bàtà ò lè ṣe, awọ èèyàn lásán ló ṣe é.

"Gbogbo kùnrùnkùnrùn tí mo máa ń gbọ́ ní ìdájí," ni Gbọọrọ wí, "ìjà ni mo rò pé wọ́n ń jà."

"Ìjà kọ́, àdúrà ni. Mo yọjú wò wọ́n rí. Orúkọ rẹ ni ìyá ń pè, tó ń tún un pè, bí ẹni tó ń fi ọmọ han àlejò."

Gbọọrọ rọra gbé òòlù sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sójú ti bàbá rẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì wọ ibẹ̀ wẹ́kú. Ó wá dà bí ẹni tó wọ yàrá tó rò pé ó ṣófo, tó wá bá ẹnìkan níbẹ̀. "Baba," ló wí. Kò mọ èyí tó ń pè nínú àwọn méjèèjì, Ọlọ́run ni tàbí bàbá rẹ̀. Omijé bọ́, àdúrà sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúnlẹ̀ sójú ti ìyá.

Wọn ò fi ayálégbé síbẹ̀ mọ́. Gbọọrọ tún ìyókù ilẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n ó fi ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ọ̀fọ̀ ò tíì tán lára rẹ̀. Bí arúgbó kan bá wúkọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì bíi ti bàbá rẹ̀, omi á tún dé ojú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti yunifásítì dé, Gbọọrọ mú un lọ wo ilẹ̀ náà. Ọmọ náà fi àtẹ́lẹwọ́ sínú ihò tó kéré.

"Bàbá, ṣé kì í dùn wọ́n ni?"

"Á máa dùn wọ́n," ni Gbọọrọ dáhùn.